Ta Ló Ni Omi Tó Wà Lábẹ́ Èbúté?

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan wa ọkọ̀ kékeré jáde sí ojú adágún kan, a kò sì tíì rìn jìnnà tí ojú ọ̀run fi ṣú. Atẹ́gùn ló kọ́kọ́ dé. Kò pẹ́ tí ìgbì bẹ̀rẹ̀ sí í gbá ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, tí omi ń ta sí wa lára, tí ó sì ń gbára jọ sí ìsàlẹ̀ ọkọ̀ níbi tí a tẹ ẹsẹ̀ lé. Ibi tó sún mọ́ wa jù lọ ni èbúté onípákó kan tó nà wọ inú omi láti ẹ̀yìnkùlé ilé ńlá kan, òun la sì forí lé. Mo ń fi okùn yí òpó àkọ́kọ́ lọ́wọ́ nígbà tí bàbá kan yọ láti inú ilé, tó ń fi ọwọ́ lé wa bí ẹni tó ń lé adìẹ.

Ó ní, “Ẹ má so ọkọ̀ yín mọ́ òpó mi o! Ta ló ní kí ẹ wọ inú omi mi?”

Mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, bàbá, kí òjò yìí ṣáà kọjá, a ó máa lọ.”

Ó dúró, ó wo ojú ọ̀run, ó wò wá, lẹ́yìn náà ló ní ká jókòó sínú ọkọ̀ wa, ká má ṣe fi ẹsẹ̀ kan pákó òun. Bẹ́ẹ̀ la ṣe fi ọwọ́ di òpó náà mú tí òjò ń lù wá fún nǹkan bí ìdajì wákàtí, tí òun náà sì dúró sábẹ́ òrùlé rẹ̀ tó ń wò wá, bóyá kí a má baà jí èbúté gbé lọ.

Òjò ọjọ́ náà dá, aṣọ tó lẹ̀ mọ́ mi lára gbẹ, ṣùgbọ́n gbólóhùn bàbá yẹn kò kúrò lọ́kàn mi. “Òpó mi” ló kọ́kọ́ sọ kó tó sọ “omi mi”, ohùn kan náà ló sì fi sọ méjèèjì. Wọ́n ní ẹni tó lẹrú ló lẹrù. Bóyá irú òye bẹ́ẹ̀ ló wà lọ́kàn rẹ̀, pé ẹni tó ni òpó ló ni omi tó yí òpó ká. Láti ìgbà náà ni mo ti ń ka òfin àti ìdájọ́ nípa adágún láti ilẹ̀ kan sí èkejì, mo sì ti rí i pé òdodo ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó sọ, pé èkejì ni kò rí bẹ́ẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ibi. Mo tún rí ohun kẹta tí èmi àti bàbá náà kò rò kàn rárá lọ́jọ́ náà, òun ni mo sì fẹ́ kí òǹkàwé bá mi dúró tì pẹ́ jù.

Ẹni tó bá dúró sórí irú èbúté bẹ́ẹ̀ yóò rò pé nǹkan kan ṣoṣo ni òun ń wò, ṣùgbọ́n nǹkan mẹ́rin ló wà níbẹ̀ lójú òfin. Pákó àti òpó wà, èyí tí onílé fi owó ara rẹ̀ ṣe. Etí omi wà, tó máa ń fẹ̀ nígbà tí omi bá fà, tó sì máa ń tín-ín-rín nígbà tí omi bá kún. Ilẹ̀ ìsàlẹ̀ adágún wà, inú rẹ̀ ni wọ́n ri òpó náà mọ́. Omi fúnra rẹ̀ sì wà, tó ń wọlé tó ń jáde láàárín òpó láìmọ orúkọ ẹni tó ni ilé. Ènìyàn lè ni méjì nínú mẹ́rin yìí kó má ni méjì yòókù, ìjà sì sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ẹni tó ni ọ̀kan bá rò pé gbogbo rẹ̀ ló tẹ òun lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ nílẹ̀. Nínú ìwé òfin tí Justinian, ọba Róòmù, gbé jáde ní ọdún 533, a kọ ọ́ síbẹ̀ pé afẹ́fẹ́, omi tó ń ṣàn, òkun àti etí òkun jẹ́ ti gbogbo ènìyàn. Apá yìí ni àwọn amòfin máa ń tọ́ka sí jù. Èmi fẹ́ràn èyí tó tẹ̀ lé e díẹ̀ ju ìyẹn lọ, níbi tó ti sọ pé bèbè odò jẹ́ ti ẹni tí ilẹ̀ rẹ̀ fara kàn án, pé igi tó hù sórí bèbè náà pàápàá jẹ́ tirẹ̀, síbẹ̀ pé ẹnikẹ́ni lè gúnlẹ̀ síbẹ̀, kó so okùn ọkọ̀ rẹ̀ mọ́ igi yẹn, kó sì sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀. Odò ni ìwé náà ń sọ níbẹ̀, kì í ṣe adágún, ṣùgbọ́n ẹ wo bí ó ṣe ya ohun tí ènìyàn ni sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí ó lè fi du ẹlòmíràn. Igi jẹ́ ti onílẹ̀, síbẹ̀ kò lè ní kí arìnrìn-àjò má so okùn mọ́ ọn. Ó kù díẹ̀ kí ọ̀rọ̀ yìí pé ọdún 1,500, òun gan-an ni bàbá náà àti èmi sì ń fà lójú òjò.

Ibi tí ó ta kókó sí ni ilẹ̀ ìsàlẹ̀. Ní ìpínlẹ̀ Michigan ní Amẹ́ríkà, ìjọba ló di ilẹ̀ ìsàlẹ̀ àwọn Adágún Ńlá, ìyẹn àwọn bí Michigan, Huron àti Erie, mú fún ará ìlú, ṣùgbọ́n nínú àwọn adágún kéékèèké tó wà láàárín ìpínlẹ̀ náà, àwọn onílẹ̀ etí omi ló ni ín títí dé àárín gbùngbùn. Bí adágún bá rí róbótó, ààlà wọn á rí bí wáyà ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́, tí gbogbo rẹ̀ lọ pàdé ní ojú kan. Bí ó bá jẹ́ pé ẹni tó ni ìsàlẹ̀ ló ni òkè ni, onílé kọ̀ọ̀kan ì bá lè ní kí aládùúgbò òun má wa ọkọ̀ kọjá wáyà tòun. Ní ọdún 1919, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ìpínlẹ̀ náà kọ irú ìrònú bẹ́ẹ̀, ó ní ẹni tó bá ní ilẹ̀ létí adágún lè lo gbogbo ojú omi pẹ̀lú àwọn yòókù, ẹni yòówù kó ni ilẹ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀. Àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn kò gba ọ̀nà yìí. Indiana, bí àpẹẹrẹ, tẹ̀ lé ìlànà àtijọ́ ti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nípa adágún aládàáni, níbi tí ẹni tó ni ìsàlẹ̀ ti lè dí òkè mọ́ àwọn ẹlòmíràn. Nítorí náà, àwọn ibi kan wà tí ènìyàn ti lè sọ pé “omi mi” kó má sì purọ́. Ó yẹ kí n gbà bẹ́ẹ̀ kí n tó máa bá ọ̀rọ̀ mi lọ.

Ní ti àwọn adágún tí ìjọba di ìsàlẹ̀ wọn mú, ìdájọ́ kan wà tí gbogbo ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ yìí gbọ́dọ̀ kàn. Ní ọdún 1869, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Illinois fi èyí tó lé ní éékà 1,000 nínú ilẹ̀ ìsàlẹ̀ Adágún Michigan, ní iwájú ìlú Chicago, ta ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin kan lọ́rẹ. Kì í ṣe èbúté onípákó kékeré o, èbúté ìlú odidi ni. Nígbà tó di ọdún 1873, àwọn aṣòfin náà ronú pìwà dà, wọ́n gba ohun tí wọ́n fi tọrẹ padà, ìjọba ìpínlẹ̀ náà sì gbé ọ̀rọ̀ lọ sí ilé ẹjọ́. Ní ọdún 1892, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ Amẹ́ríkà dá ẹjọ́ náà. Adájọ́ Stephen Field ló kọ ìdájọ́, ó sì ní ìjọba kì í ṣe olówó ilẹ̀ yẹn bí ènìyàn ṣe jẹ́ olówó ẹṣin rẹ̀. Alágbàtọ́ ni ó jẹ́, ará ìlú ló sì ń bá tọ́jú rẹ̀, kí wọ́n lè wa ọkọ̀, kí wọ́n ṣòwò, kí wọ́n sì pẹja níbẹ̀. Alágbàtọ́ kò lè ta ohun tí a fi síkàáwọ́ rẹ̀ lọ́nà tí ẹni tó ni ín kò fi ní rí i lò mọ́. (Àwọn adájọ́ mẹ́rin ló fara mọ́ ọn, mẹ́ta ò fara mọ́ ọn, ohùn kan ṣoṣo ló dá a.)

Ohun tí ìdájọ́ yìí kò ṣe ni pé kò gba èbúté lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá ní ilẹ̀ létí omi ní ẹ̀tọ́ tó bọ́gbọ́n mu láti dé ibi tí omi ti jìn tó láti gbé ọkọ̀ rẹ̀ léfòó, nítorí pé asán ni etí omi jẹ́ fún ẹni tí ẹrẹ̀ yóò mù dé orókún kó tó wọ ọkọ̀. Wisconsin ni mo ti rí ìlànà tó fi èyí hàn kedere jù, nítorí pé wọ́n fi ìwọ̀n sí i. Èbúté tí onílé lè ṣe níbẹ̀ láìgba ìwé àṣẹ kò gbọdọ̀ fẹ̀ ju ẹsẹ̀ bàtà 6 lọ, yàtọ̀ sí ibi ìkẹ́rù kékeré tí òfin gbà láyè ní ìparí rẹ̀. Gígùn rẹ̀ kò gbọdọ̀ kọjá ibi tí omi ti jìn tó ẹsẹ̀ bàtà 3, àyàfi tí ọkọ̀ rẹ̀ bá nílò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Iye ọkọ̀ tó lè so mọ́ ọn pẹ̀lú ní òṣùwọ̀n: méjì fún ẹsẹ̀ bàtà 50 àkọ́kọ́ tó ní létí omi, ọ̀kan sí i fún ẹsẹ̀ bàtà 50 mìíràn kọ̀ọ̀kan. Ẹ wo ẹsẹ̀ bàtà 6 yẹn dáadáa. Ènìyàn méjì lè kọjá ara wọn lórí rẹ̀, ẹnì kan lè gbé àjẹ̀ àti àwọ̀n kọjá, ṣùgbọ́n kò gba tábìlì àti àga mẹ́fà. Ọ̀nà ni òfin fún un, kò fún un ní pálọ̀. Bí ẹnì kan bá ti tẹ́ pákó fífẹ̀ sójú omi, tó gbé agboòrùn àti àga ìrọ̀gbọ̀kú sí i, kì í ṣe pé ó ń lọ síbi tí omi wà mọ́. Ó ti ń sọ omi di ilẹ̀ ni, ilẹ̀ tí kò sanwó rẹ̀.

Nígbà náà ni ìbéèrè etí omi dé: ẹni tí kò ní ọkọ̀, tó kàn fẹ́ fi ẹsẹ̀ rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ adágún, níbo ni kó rìn dé? Ọ̀pọ̀ òfin ló dá ààlà sí ibi tí omi máa ń kún dé nígbà gbogbo, kì í ṣe ibi tí ó dé ní ọjọ́ tí ẹ̀kún omi ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ilé ẹjọ́ kan ní Wisconsin ṣàlàyé rẹ̀ ní ọdún 1914 pé ibi tí omi ti wà pẹ́ tó, tó sì ti ṣiṣẹ́ tó, tó fi ààmì sílẹ̀, yálà ó gbẹ́ ilẹ̀ ni tàbí ó pa ewéko ilẹ̀ gbígbẹ. Ojú lásán lè rí i. Bí ènìyàn bá kẹ̀yìn sí omi tó rọra ń gòkè, yóò kọ́kọ́ tẹ iyanrìn tútù tó le, lẹ́yìn náà èyí tó gbẹ tó sì rọ̀, lẹ́yìn náà ni yóò kan ìlà pàǹtírí tí omi tò sílẹ̀, ẹ̀ka igi tí èèpo rẹ̀ ti bó, ìyẹ́ ẹyẹ, okùn àwọ̀n tó já. Ní òkè díẹ̀ sí i ni ilẹ̀ ti gé bí àtẹ̀gùn kan ṣoṣo, tí gbòǹgbò igi yọ sí ìta láìsí iyẹ̀pẹ̀ lára rẹ̀, ibẹ̀ sì ni koríko ti bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ni.

Ṣùgbọ́n bí ojú tilẹ̀ rí i, ẹnu kò kò lórí ohun tó túmọ̀ sí. Ní Michigan, obìnrin kan tó ń rìn létí Adágún Huron bá àwọn aládùúgbò rẹ̀ ṣẹjọ́, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ìpínlẹ̀ náà sì dá a ní ọdún 2005 pé ará ìlú lè rìn láàárín omi àti ìlà ìkún omi yẹn, bí ìwé ilẹ̀ onílé bá tilẹ̀ nà dé ibẹ̀. Indiana dá tirẹ̀ ní ọdún 2018 nípa Adágún Michigan, ó ní ìjọba ló ni ilẹ̀ náà dé ìlà yẹn, ará ìlú sì lè rìn lórí rẹ̀. Ohio, tó wà létí Adágún Erie, sọ ní ọdún 2011 pé ibi tí omi máa ń dúró sí nígbà gbogbo ni ààlà, èyí tó rẹlẹ̀ jù ti àwọn méjì yìí. Omi kan náà ló ń ṣàn láti adágún kan bọ́ sí èkejì láàárín wọn. Wisconsin ní tirẹ̀ tún yàtọ̀ lórí àwọn omi inú ìpínlẹ̀ náà: ẹsẹ̀ rẹ gbọ́dọ̀ wà nínú omi. Ẹni tó bá ń rìn nínú omi dé kókósẹ̀ kò rú òfin. Bó bá gun iyanrìn gbígbẹ, ó ti wọ ilẹ̀ onílẹ̀. Mo fẹ́ràn òfin yìí, nítorí pé ó lè yé ọmọ ọdún méje.

Ẹni tó ń rìn báyìí ni èbúté máa ń dí lọ́nà, nítorí pé etí omi gan-an ni pákó ti gbéra. Bí ó bá ga, a ó bẹ̀rẹ̀ kọjá lábẹ́ rẹ̀. Bí ó bá rẹlẹ̀, a ó gùn ún kọjá, ibẹ̀ sì ni ariwo ti ń sọ. Mo ti rí èbúté kan tí onílé kan àtẹ̀gùn onígbèésẹ̀ mẹ́ta sí ọ̀tún àti òsì rẹ̀, pẹ̀lú igi ìfọwọ́dì lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí àwọn arìnrìn-ẹsẹ̀ lè gòkè ní ìhín kí wọ́n sì sọ̀kalẹ̀ ní ọ̀hún. Pákó díẹ̀ àti ìṣó ni gbogbo rẹ̀. N kò mọ onílé náà, ṣùgbọ́n mo kí i nínú ara mi.

Ẹ jẹ́ ká padà sí òjò. Ìdájọ́ méjì wà lórí èbúté àti ìjì, orí adágún sì ni méjèèjì ti ṣẹlẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1904, ìjì mú ọkùnrin kan lójú Adágún Champlain, pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ wọn méjì nínú ọkọ̀ onígbòkun. Ó so ọkọ̀ mọ́ èbúté aládàáni kan ní erékùṣù kan, ọmọ ọ̀dọ̀ ẹni tó ni erékùṣù náà sì tú okùn. Ìgbì gbé ọkọ̀ náà lu etí ilẹ̀, ó fọ́, àwọn ènìyàn inú rẹ̀ sì farapa. Ní ọdún 1908, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ Vermont sọ pé ẹni tí ewu lé dé èbúté ẹlòmíràn kì í ṣe arúfin, àti pé ẹni tó ni èbúté ni yóò dáhùn fún okùn tí a tú. Ọdún méjì lẹ́yìn rẹ̀, ní 1910, Minnesota dá òdì kejì rẹ̀: ọkọ̀ ńlá kan tó wà ní Duluth, ní etí Adágún Superior, ń so okùn mọ́ èbúté bí okùn àtijọ́ ṣe ń já nínú ìjì, ìgbì sì ń gbá a lu èbúté náà títí tó fi bà á jẹ́. Ilé ẹjọ́ ní àwọn atukọ̀ kò ṣe àṣìṣe rárá bí wọ́n ṣe dúró, ṣùgbọ́n kí ẹni tó ni ọkọ̀ san 500 dọ́là fún ẹni tó ni èbúté. Tí a bá so méjèèjì pọ̀, ó túmọ̀ sí pé nínú ewu, o lè so ọkọ̀ rẹ, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ tú u. Ohun tí o bá bàjẹ́ ni kí o sanwó rẹ̀. Ìgbà tí mo ka èyí ni mo rí i pé èmi náà jẹ bàbá yẹn ní ọ̀rọ̀ kan: mo rántí pé ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ wa ha ọ̀dà òpó rẹ̀, n kò sì sọ fún un.

Nísinsìnyí mo dé ohun kẹta tí mo mẹ́nu bà lókè. Gbogbo ìdájọ́ tí mo ti ń tò bọ̀ ń sọ ohun tí ènìyàn lè ṣe nígbà tó bá ti dé ojú omi tàbí etí rẹ̀. Wọn kò sọ bí yóò ṣe dé ibẹ̀. Adágún tí ilé yí ká, tí ọgbà kan ọgbà, lè jẹ́ ti ará ìlú láti òkè dé ìsàlẹ̀ kó sì rí bí owó tí a fi pamọ́ sínú àpótí ẹlòmíràn. Nítorí náà, èbúté gígùn kì í ṣe ohun tó yẹ kó kọ́kọ́ bí ará ìlú nínú. Ọ̀nà tóóró tó wà láàárín ilé méjì ni kí ó máa ṣọ́.

Àwọn tó dá ìlú Massachusetts sílẹ̀ mọ èyí. Nínú òfin wọn tí a ṣe láàárín ọdún 1641 sí 1647, gbogbo adágún àdámọ́ tó bá ju éékà 10 lọ jẹ́ ti ará ìlú, wọ́n sì fi kún un pé ẹnikẹ́ni lè fi ẹsẹ̀ la ilẹ̀ ẹlòmíràn kọjá láti lọ pẹja níbẹ̀, bí kò bá ṣáà ti tẹ àgbàdo tàbí pápá koríko rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹni tó kọ gbólóhùn yẹn mọ̀ pé ẹ̀tọ́ ẹja pípa láìsí ọ̀nà jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu lásán.

Ní Michigan, ibi tí ìjà ọ̀nà yìí ti gbóná jù ni òpin títì. Nígbà tí wọ́n ń pín ilẹ̀ etí adágún sí wẹ́wẹ́, wọ́n fa àwọn títì kan tó lọ kanlẹ̀ sínú omi, wọ́n sì yọ̀ǹda wọn fún ará ìlú. Àwọn tí ilé wọn wà ní ẹ̀yìn, tí kò kan omi, bẹ̀rẹ̀ sí í ri èbúté tiwọn mọ́ òpin títì wọ̀nyí, wọ́n ń gbé ẹ̀rọ tó ń gbé ọkọ̀ sókè síbẹ̀, títí ibi tí gbogbo ènìyàn ní fi di ibi tí ènìyàn márùn-ún ń lò. Ẹjọ́ kan láti Higgins Lake ní ọdún 1993 sọ pé dídé ojú omi ni òpin títì wà fún. Kì í ṣe fún yíyá oòrùn, kì í ṣe fún síso ọkọ̀ mọ́jú, àti pé èbúté kan fún gbogbo ènìyàn ni ìjọba ìbílẹ̀ lè gbà láyè. Ní ọdún 2012 àwọn aṣòfin fi òfin tì í lẹ́yìn. Ohun tó dùn mí nínú ìtàn yìí ni pé kì í ṣe àwọn olówó etí omi ló gba òpin títì mọ́ ará ìlú lọ́wọ́ níbẹ̀. Ará ìlú ni, díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú pákó àti òpó, ẹni kọ̀ọ̀kan sì ń rò pé ẹ̀tọ́ òun ni òun ń lò.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú ti rí irú rẹ̀. Ní adágún Ullswater, ẹni tó ni ilẹ̀ ìsàlẹ̀ ṣe èbúté sí ibi tí ọ̀nà gbogbo ayé ti pàdé omi, àwọn èrò ọkọ̀ ojú omi kan sì ń gba orí èbúté náà kọjá. Ó pè wọ́n lẹ́jọ́. Ní ọdún 1871 ilé ẹjọ́ sọ fún un pé òun ló gbé nǹkan dí ẹnu ọ̀nà, nítorí náà, àwọn tó ní ẹ̀tọ́ àtibọ́ láti ojú omi sí ojú ọ̀nà lè gba orí ohun tó fi dí i kọjá. Òpó rẹ̀ jẹ́ tirẹ̀, pákó rẹ̀ jẹ́ tirẹ̀, ṣùgbọ́n ibi tó gbé e sí ló sọ ọ́ di afárá.

Àwọn orílẹ̀-èdè kan kò dúró dìgbà tí ìjà bá dé, wọ́n yọ ilẹ̀ etí omi sílẹ̀ ṣáájú. Niu Sílándì ní ilẹ̀ tóóró oní mítà 20 lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pọ̀ odò àti adágún rẹ̀. Ní Ùgáńdà, mítà 200 ni òfin yà sọ́tọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn adágún ńlá, Tànsáníà sì fòfin de iṣẹ́ tó lè ba etí omi jẹ́ láàárín mítà 60, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ààbò omi fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń wá ju ọ̀nà ìrìnkèrindò lọ. Ìwé òfin ìjọba Bavaria, ìpínlẹ̀ kan ní Jámánì, ti ọdún 1946, pàṣẹ fún ìjọba pé kó jẹ́ kí àwọn òkè, adágún àti odò wà ní ṣíṣí fún gbogbo ènìyàn. Òfin ètò ilẹ̀ Swítsálandì ti ọdún 1979 sọ pé kí etí adágún má ṣe dí, kí a sì mú un rọrùn láti rìn níbẹ̀. Ẹni tó bá sì rí bí ọgbà ilé ṣe to kanlẹ̀ létí àwọn adágún wọn yóò mọ̀ pé ìwé àti ilẹ̀ jẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Swídìn ló wú mi lórí jù. Mítà 100 ni ààbò etí omi wọn, ó sì kan ilẹ̀ àti omi pọ̀, tó fi jẹ́ pé ẹni tó fẹ́ ṣe èbúté tuntun níbẹ̀ gbọ́dọ̀ gba ìyọ̀ǹda. Òfin náà kò mọ sí ilé àti ògiri. Ohunkóhun tí yóò mú kí àwọn ènìyàn rò pé àwọn kò gbọdọ̀ kọjá ni ó kà léèwọ̀, níbi tí wọn ì bá ti rìn fàlàlà. Nítorí náà, àga kan, òpó àsíá kan, koríko tí a gé mọ́lẹ̀ dáadáa títí dé etí omi lè di ọ̀ràn. Àwọn tó ṣe òfin yìí mọ bí ènìyàn ṣe rí: a kì í sábà nílò kí wọ́n kọ “Má wọ ibí” kí ojú tó tì wá.

Bí ètò bẹ́ẹ̀ kò bá sí, ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Griebnitzsee ló ń ṣẹlẹ̀. Adágún yìí wà ní Potsdam ní Jámánì, etí rẹ̀ sì ni ọ̀nà tí àwọn sọ́jà aṣọ́bodè máa ń rìn nígbà tí Ògiri Berlin ṣì wà. Nígbà tí ògiri wó, àwọn ará ìlú sọ ọ̀nà náà di ibi ìnajú, wọ́n ń rìn, wọ́n sì ń gun kẹ̀kẹ́ níbẹ̀. Ilẹ̀ náà ti padà di ti aládàáni ní apá púpọ̀, nígbà tó sì di ọdún 2009, àwọn onílé dí i. Ìlú gbìyànjú láti fi ètò ìlú gbà á padà, ilé ẹjọ́ sì fagi lé ètò náà. Ọ̀nà tí ìbọn ṣí sílẹ̀, ìwé ilẹ̀ ló tì í.

N kò ní ṣe bí ẹni pé àwọn onílé etí omi kò ní ẹjọ́ kankan. Àwọn ènìyàn máa ń gun orí èbúté ẹni ní òru, wọ́n a fi ìgò sílẹ̀, ọmọ wọn a bẹ́ sí omi níbi tí kò jìn. Bí pákó bá sì dá lábẹ́ ẹsẹ̀ àlejò, onílé ni wọn yóò kọ́kọ́ wò lójú. Òun ló ń tún un ṣe, òun ló sì ń sanwó orí ilẹ̀ tó lọ sókè nítorí omi tó kọjú sí. Ẹni tó bá ń lo ẹ̀tọ́ ará ìlú lórí omi kò ní ìdí láti jókòó sórí pákó ẹlòmíràn kó máa jẹun, òfin tí mo kà kò sì fún un láyè bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, mo padà sí adágún yẹn. Mo ti lọ wo máàpù ilẹ̀ àdúgbò náà ní ọ́fíìsì wọn, mo sì ti rí ìlà funfun tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó la àárín ilé méjì kọjá dé inú omi, ilé kejì sí ti bàbá náà gan-an. Nígbà tí mo dé ibẹ̀, koríko ti bo ojú ọ̀nà, ẹnì kan sì ti to ìkòkò òdòdó méjì sí ẹnu rẹ̀, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, pẹ̀lú ṣéènì kékeré láàárín wọn tí kò ní kọ́kọ́rọ́. Mo tú ṣéènì náà, mo gbé ọkọ̀ kọjá, mo sì so ó padà bí mo ṣe bá a.

Bàbá wà lórí èbúté rẹ̀ nígbà tí mo wà á kọjá. Mo kí i, “Ẹ káàsán, sà.” Ó wo ibi tí mo ti yọ, ó pẹ́ díẹ̀ kó tó dáhùn.

Ó ní, “Ṣé ọ̀nà ṣì wà níbẹ̀ ni?”